Bátìrì Onímí-ọjọ́ àti Ìbéèrè Ìyá Kan

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan lẹ́bàá Simawa kí wọ́n tó gbé bátìrì náà dé. Kì í ṣe bátìrì tí èèyàn ń gbé sẹ́yìn ọ̀kadà, kì í sì í ṣe irú èyí tí àwọn ará Ṣàgámù ń tò sábẹ́ àtẹ̀gùn ilé wọn fún ìnfátà. Kọ̀ńténà irin funfun mẹ́rin ni. Tírélà ló rù wọ́n wá láti èbúté, kírénì ló sì sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sórí kọnkéré tí a ti dà sílẹ̀ dè wọ́n. Oòrùn ló ń fún ilé-iṣẹ́ wa ní iná lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wa kì í sinmi nígbà tí oòrùn bá wọ̀. Bátìrì yìí ni yóò máa gba iná pamọ́ fún wa, kí a lè bọ́ lọ́wọ́ jẹnẹrétọ̀ àti ariwo rẹ̀.

Ètò ààbò ni iṣẹ́ tèmi. Bí nǹkan bá jó, bí nǹkan bá bú, èmi ni wọn yóò kọ́kọ́ pè, èmi náà ni wọn yóò sì kọ́kọ́ bá wí. Nítorí náà, nígbà tí mo ṣí ìwé tí àwọn tó ṣe bátìrì náà fi ránṣẹ́, tí mo rí i pé sódíọ̀mù àti imí-ọjọ́ ló wà nínú rẹ̀, àyà mi já.

Mo mọ sódíọ̀mù láti kékeré. Ọmọ oníṣòwò obì ni mí, ní àdúgbò Ẹ̀pẹ́, nílùú Ṣàgámù. Inú agbọ̀n gbàǹja àti ewé tí wọ́n fi ń bò ó ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, kò sì sẹ́ni tó rò pé sáyẹ́ǹsì ni màá kọ́. Ìkẹ́nnẹ́ ni mo ti lọ sílé-ìwé girama, lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi. Obìnrin kan ló ń kọ́ wa ní kẹ́mísírì níbẹ̀, ìyàwó àlùfáà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í gbóhùn sókè. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ìgò kékeré kan jáde. Òróró ló wà nínú ìgò náà, irin rírọ̀ kan sì rì sínú òróró. Ó fi ọ̀bẹ gé e bí ẹni gé bọ́tà, ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan péré, ó sì jù ú sínú abọ́ omi. Ohun náà ń sáré kiri lójú omi bí kòkòrò tí iná jó nídìí, ó ń hó ṣììì, ló bá gbiná. Gbogbo wa sá sẹ́yìn. Tíṣà wa kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, “Ẹ má sá fún un. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá mọ nǹkan dáadáa ló máa ń mọ ibi tó yẹ kí òun dúró sí.”

Títí di òní ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin yẹn. Tíṣà púpọ̀ ló kọ́ mi ní ohun tí mo fi yege ìdánwò. Òun ló kọ́ mi ní ohun tí mo fi ń jẹun.

Mo jókòó ti ìwé bátìrì náà fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí, bí mo ṣe lè sọ ọ́ fún ẹni tí kò bá mi kàwé. Páìpù kan wà tó gùn bí apá èèyàn, amọ̀ funfun pàtàkì kan ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì sun ún títí ó fi le bíi tánganran. Sódíọ̀mù wà nínú páìpù náà, imí-ọjọ́ wà lóde rẹ̀, agolo irin kan sì bo gbogbo rẹ̀ pọ̀. Inú àpótí tí wọ́n to àwọn agolo yìí sí gbóná tó ìlọ́po mẹ́ta omi tó ń hó, nítorí náà sódíọ̀mù àti imí-ọjọ́ ti yọ́, wọ́n ń ṣàn bí epo. Bí kò bá gbóná bẹ́ẹ̀, kò ní ṣiṣẹ́. Amọ̀ yẹn ni alárinà. Kì í jẹ́ kí àwọn méjèèjì fara kan ara wọn, àfi ìwọ̀nba tó ń gba ara amọ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀ lọ́nà tó ń di iná fún wa. Bí amọ̀ bá là, tí wọ́n bá pàdé lẹ́ẹ̀kan náà, ooru tó máa jáde níbẹ̀ kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni lè kápá.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é ti rò ó. Wọ́n ki irin mìíràn bọ inú sódíọ̀mù, irin tó ní ihò tín-ín-rín nídìí, tó fi jẹ́ pé bí amọ̀ bá tilẹ̀ là, ńṣe ni sódíọ̀mù yóò máa kán tó, tó, kò ní tú jáde gbàà. Wọ́n fi yanrìn gbígbẹ di gbogbo àyè tó wà láàárín agolo kan sí èkejì, kí èyí tó bá jó má baà ran aládùúgbò rẹ̀. Wọ́n fi fúùsì sí ojú wáyà, wọ́n sì fi pákó tí iná kì í jẹ pààlà sáàárín àpótí sí àpótí. Nígbà tí mo ka ìwé náà tán, ọkàn mi balẹ̀. Mo rí i pé àwọn tó ṣe nǹkan yìí bẹ̀rù rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Èmi náà wá kọ ìwé ètò ààbò tèmi. Omi kò gbọdọ̀ kàn án. Yanrìn gbígbẹ gbọ́dọ̀ wà nítòsí nínú àgbá tó ní ìdérí. Bí álámù bá dún, kí gbogbo òṣìṣẹ́ jáde lọ péjọ sí pápá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ọgbà wa, nítorí pé ibẹ̀ fẹ̀. Ọ̀gá mi, ọmọ Ọ̀yọ́, èèyàn jẹ́jẹ́, ka ìwé náà, ó fọwọ́ sí i, ó sì ní iṣẹ́ náà wu òun. Orí mi wú.

Ọ̀gá mi náà ló ní kí a lọ ṣàlàyé fún àwọn ará abúlé tó wà lẹ́yìn ọgbà kí wọ́n má baà gbọ́ àgbọ́sọ. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni a lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálẹ̀. Kí n má parọ́, ohun tí mò ń gbà ládùúrà lójú ọ̀nà ni pé kí ẹnikẹ́ni má béèrè ìbéèrè. Mo fẹ́ sọ tèmi, kí n mu omi tí wọ́n bá fún wa, kí n sì máa lọ ilé.

Ọ̀gá mi kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó pọ̀n ọ́n, ó sọ̀ ọ́, Yorùbá díẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Àwọn àgbà ń mi orí. Nígbà tó dárúkọ imí-ọjọ́, gbogbo orí dúró.

Olùkọ́ ìjọ, bàbá kan tó wọ fìlà òwú, ní, “Imí-ọjọ́ tí Ọlọ́run rọ̀ lé Sódómù lórí?”

“Òun náà ni, Bàbá,” ni mo dáhùn. “Òun náà ni wọ́n sì ń pò mọ́ àdí fún ọmọ tó ní làpálàpá.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ara sì tù mí díẹ̀. Mo ṣàlàyé páìpù amọ̀, mo ṣàlàyé yanrìn, mo ní iná kò lè ti inú àpótí kan dé èkejì kíákíá. Mo ti ń kó ìwé mi jọ nígbà tí ìyá àgbà kan na ọwọ́ sókè. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ló jókòó sí lórí àpótí. Rẹ́mọ ìjìnlẹ̀ ló fi sọ̀rọ̀, irú èyí tí ìyá bàbá mi máa ń sọ, tó fi jẹ́ pé ọ̀gá mi ń wo ẹnu rẹ̀ lásán. Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Ìyá náà ní, “Ọmọ mi, o ti sọ̀rọ̀ iná, mo ti gbọ́. Èéfín ńkọ́?”

Mo ní, “Èéfín bí i ti báwo, Màmá?”

“Ọdẹ ni ọkọ mi. Ó máa ń lọ imí-ọjọ́ mọ́ èédú fi ṣe ẹ̀tù. Ọjọ́ tí iná ràn mọ́ ọn nínú yàrá, iná yẹn kò tó nǹkan, a tẹ̀ ẹ́ pa. Èéfín rẹ̀ ló mú kí àbúrò mi dákú. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń wúkọ́. Èyí tí ẹ gbé wá yìí, ó tó agbọ̀n mélòó?”

Mo ní ó pọ̀.

Ó ní, “Ibo ni ẹ ní kí àwọn èèyàn yín sá sí?”

Mo ní pápá ilé-ìwé.

Ó wá ní, “Ṣé ẹ ò mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ni?”

Ojú tì mí. Mo mọ orúkọ atẹ́gùn méjèèjì nínú ìwé, ti òjò àti ti ọyẹ́, mo mọ ohun tó ń fà wọ́n. Ṣùgbọ́n mo kọ odindi ìwé ètò ààbò láìdúró síta kí n wo ewé tó ń mì. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi dé ilé-iṣẹ́ wa lọ́jọ́ Mọ́ńdè?”

Ó wá. Ọ̀kadà ni mo fi ránṣẹ́ sí i, ó ní òun ò gun ọ̀kadà, ó fẹsẹ̀ rìn. Mo fi akoto dé e lórí gẹ́gẹ́ bí òfin ilé-iṣẹ́ wa, ó ní ó wúwo ju gèlè lọ, ṣùgbọ́n kò ṣí i. A rìn yí kọ̀ńténà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin po. Ó sọ fún mi pé ogójì ọdún ni òun fi dín gàrí nínú ahéré kan tó wà nítòsí ibẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ilé-iṣẹ́.

“Ẹni tó bá ń dín gàrí kì í kọ ẹ̀yìn sí atẹ́gùn lásán,” ló wí. “Bó o bá jókòó síbi tí kò yẹ, ojú rẹ á fọ́. Nígbà òjò, ìhà Èkó ni atẹ́gùn ti ń bọ̀, ìhà Ìsarà ló ń lọ. Nígbà ọyẹ́, ó máa yí padà. Wo ilé-ìwé yẹn. Nígbà òjò, gbogbo èéfín gàrí mi, inú kíláàsì ló ń wọ̀. Tíṣà wọn a máa wá bá mi jà.”

Mo wo ibi tó nawọ́ sí. Pápá tí mo ní kí gbogbo wa sá lọ, ojú ọ̀nà èéfín gan-an ló wà fún ìdajì ọdún, pẹ̀lú ọmọ ilé-ìwé nínú rẹ̀.

Inú ọ̀gá mi kò kọ́kọ́ dùn. Ó ti fọwọ́ sí ìwé náà, ó sì ti fi í ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá àgbà. Ó ní, “Ṣé torí ọ̀rọ̀ ìyá tó ń dín gàrí ni kí a fi tún gbogbo rẹ̀ ṣe?” Mo ní kó bá mi jáde síta. Oṣù òjò ni a wà nígbà náà. Mo ju ewé gbígbẹ sókè, a sì jọ wò ó bó ṣe gba ìhà ilé-ìwé lọ. Ó wọlé, ó mú báírò, ó fa ìlà pa abala pápá ilé-ìwé, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Mo ti bá ọ̀gá púpọ̀ ṣiṣẹ́. Àwọn tó lè fa ìlà pa ohun tí wọ́n ti fọwọ́ sí kò pọ̀, mo sì dúpẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ni Ọlọ́run fún mi.

A tún ètò náà tò. A ri òpó gíga kan mọ́lẹ̀, a sì fi aṣọ aláwọ̀ ọsàn kọ́ sí orí rẹ̀, tó rí bí apá ẹ̀wù, kí ẹnikẹ́ni tó bá gbójú sókè lè mọ ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà. Ibi ìpéjọ di méjì, pápá ilé-ìwé fún ìgbà ọyẹ́, pápá ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní ìhà títì márosẹ̀ fún ìgbà òjò. A kọ́ ọ̀gá ilé-ìwé náà, a kọ́ àwọn ọmọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni a sì kó wọn rìn lọ sí pápá ṣọ́ọ̀ṣì bí eré. A lọ bá àwọn panápaná ní Ṣàgámù, mo sì ṣe ohun tí tíṣà mi ṣe fún wa níwájú wọn, ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan nínú abọ́ omi. Ọ̀gá wọn, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan, wo abọ́ náà títí iná fi kú. Ó ní, “Ohun tí a fi ń pa iná ni eléyìí ń jẹ.”

Ọdún kejì, nínú oṣù òjò, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, álámù kọ̀ńténà kẹta dún. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Mo sáré dé ibi ẹ̀rọ tó ń fi ìwọ̀n ooru hàn, mo rí i pé ooru àpótí kan nínú rẹ̀ ti ju ti àwọn yòókù lọ, ó sì ń gòkè. A gé e kúrò lára àwọn yòókù. Kò pẹ́ tí èéfín fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́bàá òrùlé kọ̀ńténà náà. Nígbà tí òórùn rẹ̀ dé imú mi, ọ̀fun mi dí bí ẹni gbé ata mì.

Mo gbójú sókè wo aṣọ orí òpó. Ìhà ilé-ìwé ló na ọwọ́ sí.

Mo pe ọ̀gá ilé-ìwé lórí fóònù. Mo ní, “Ẹ kó wọn lọ sí pápá ṣọ́ọ̀ṣì, mà. Ẹ má gba ẹ̀yìn ọgbà wa o, ọ̀nà odò ni kí ẹ gbà.”

Ó ní, “A ti wà lójú ọ̀nà. Àwọn ọmọ gbọ́ álámù yín kí èmi tó gbọ́.”

Ìyẹn ni ohun tó mú omi jáde lójú mi lọ́jọ́ náà, kì í ṣe èéfín. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń rìn lọ ní ìlà méjì méjì lókèèrè, aṣọ ilé-ìwé wọn rí bí ewé obì lójú mi, kò sì sẹ́ni tó ń sáré.

Àwọn panápaná dé. Ọ̀kan nínú wọn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, fò bọ́ sílẹ̀, ó sì ti ń fa rọ́bà omi. Ọ̀gá rẹ̀ kò pariwo. Ó kàn gbé ẹsẹ̀ lé rọ́bà náà, ó ní, “Ká a padà. Èyí kì í mu omi.” Wọ́n gbé yanrìn gbígbẹ láti inú àgbá, wọ́n fi mọ odi kékeré sí ẹnu ilẹ̀kùn kọ̀ńténà náà, kí ohun tó yọ́ má baà ṣàn jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó ṣòro jù lọ ló kù, ìyẹn ni kí a dúró lọ́nà jíjìn, ní ìhà tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, kí a má ṣe nǹkan kan. Ọ̀gá mi ń rìn síwá sẹ́yìn. Ní bí aago méjì, èéfín náà fẹ́lẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, kò sí mọ́. Ikọ́ lásán ló ṣe ọ̀kan nínú wa tó tètè sún mọ́ ọn jù, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nílé ìwòsàn, ó sì padà sílé rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ púpọ̀ kọjá kí àpótí náà tó tutù tó èyí tí a lè ṣí. Ẹnjinníà tó ti òkè òkun wá ṣí i fi ohun tó ṣẹlẹ̀ hàn wá. Amọ̀ agolo kan ló là. Ohun gbígbóná tó jáde láti inú rẹ̀ fara kan wáyà ìtòsí, ibi tí wọn kò fi fúùsì sí. Àwọn agolo díẹ̀ tó wà láyìíká rẹ̀ jó. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná náà dé ibi tí yanrìn ti nípọn, ó dúró. Mo fọwọ́ kan yanrìn náà. Ó ti dì pọ̀, ó dúdú, ó le bí àkàrà tó jóná, lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn agolo yòókù wà tí ohunkóhun kò ṣe wọ́n. Àwọn tó ṣe bátìrì náà kò jiyàn. Wọ́n fi fúùsì síbi tí kò sí tẹ́lẹ̀ nínú gbogbo kọ̀ńténà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì dúró tì wá títí a fi tàn án padà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn náà. Èèyàn tí n kò lè mọ̀ láéláé ló jókòó síbì kan, tó ní kí wọ́n da yanrìn sáàárín àwọn agolo.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Mo gba gbàǹja tó dára lọ́wọ́ bàbá mi, mo dì í sínú ewé bó ṣe yẹ. Ìdí àgbàlá ni mo ti bá a, ó ń rin kókò, ó fẹ́ fi ewé di ẹ̀bìrìpò kó tó sè é. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún un, pé àwọn ọmọ ilé-ìwé jáde láìsí ewu, àti pé èmi ì bá ti fi wọ́n sílẹ̀ nínú èéfín náà bí kì í bá ṣe òun.

Ó gba obì náà, ó rẹ́rìn-ín. “Eyín wo ni mo fẹ́ fi jẹ èyí? Bàbá rẹ ò mọ̀ pé mo ti dàgbà.” Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò dá a padà. “Kí lò ń dúpẹ́ fún? Mo béèrè ọ̀rọ̀, ẹ dá mi lóhùn. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń dáni lóhùn.”

Ó fún mi ní ewé, ó ní kí n bá òun dì í. Ọwọ́ mi kò yá bí tirẹ̀. A ń dì í lọ, ó wá ní, “Bátìrì yín yẹn, bó bá gbó, ibo lẹ fẹ́ dà á sí?”

Mo sọ fún un pé n kò mọ̀ ọ́n, pé màá béèrè. Ó gba bí oṣù kan kí n tó rí ìdáhùn gbà lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é. Wọn yóò jẹ́ kó tutù títí ohun gbogbo inú rẹ̀ yóò fi dì padà, wọn yóò sì kó o lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ sódíọ̀mù àti imí-ọjọ́ kúrò lára ara wọn, kò sì sí èyí tí yóò wọ ilẹ̀ abúlé náà. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mú ìwé náà lọ, mo kà á sí i létí ní Rẹ́mọ tèmi tó mẹ́hẹ. Ó gbọ́ ọ tán, ó bi mí ní ọ̀rọ̀ méjì kan tó rú u lójú, mo ṣàlàyé wọn.

Ó ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀.” Ó wá bu ẹ̀bìrìpò sínú abọ́ kan, ó da ata sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì tì í síwájú mi.